Turner, Ẹni Tó Ya Ọkọ̀ Ẹrú Lójú Òkun

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn gbajúmọ̀ ayàwòrán kan ni a mú wá: Joseph Mallord William Turner.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i ní 1775. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Àárẹ̀ ọpọlọ ṣe ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bethlem ní 1800, ó sì kú ní 1804. Ọmọ ọdún 14 ni Turner nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Royal Academy. Òkun, ìjì àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fẹ́ràn láti máa yà.

Owó ẹrú kan òun náà lọ́wọ́ rí. Ní 1805, ó fi 100 pọ́n-ùn sínú òwò oko kan ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún 35, ní 1840, ó gbé àwòrán ọkọ̀ ẹrú kan jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Zong ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1781, àwọn atukọ̀ Zong ju ọmọ Áfíríkà tó lé ní 130 sókun láàyè. Àwọn tó ni ọkọ̀ sì lọ béèrè owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò, bí ẹni pé ẹrù ló sọnù.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ wo àwòrán náà, ẹwà ni ẹ ó rí: oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run pọ́n, ó ń tàn bíi wúrà. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: ẹsẹ̀ ènìyàn nìyẹn, ṣẹkẹṣẹkẹ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ náà, ẹja sì ti yí i ká. Ìgbà yẹn ni pupa ojú ọ̀run yóò di ẹ̀jẹ̀ lójú yín. Ọkọ̀ náà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìjì ńlá ń bọ̀ wá bá a. Ní tiwa, ìdájọ́ ni a ka ìjì náà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1840 yẹn, wọ́n ṣì ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì.

Turner kú ní 1851, inú ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ni wọ́n sin ín sí. Àwòrán ọkọ̀ ẹrú náà wà ní Boston, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Tate Britain ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ níwájú àwòrán kan ṣoṣo, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí.