Sourou Migan Apithy àti ọdún 1946

Ọ̀pọ̀ àgbà ní ilẹ̀ Bénin ni ìwé ìbí wọn kò ní ọjọ́, tí kò sì ní oṣù. « Né vers » ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì fi ọdún kan tì í. Nígbà tí àwọn ìyá wa kò mọ ìwé, ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní 1946: ọdún náà ni òfin fòpin sí iṣẹ́ ipá. Ọmọ Àjàṣẹ́ kan wà níbi tí wọ́n ti ṣe òfin náà. Sourou Migan Apithy ni.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1913 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní ilé, ó tún rékọjá sí ilẹ̀ Faransé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní Paris, ó sì di oníṣirò owó. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, Faransé ní kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rán aṣojú wá láti bá wọn kọ òfin ìjọba tuntun. Dahomey àti Togo jọ ní àga méjì. Fadà Francis Aupiais, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, wọlé sí ọ̀kan, Apithy wọlé sí èkejì. Aupiais kú kí ọdún náà tó parí.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Kọmandáǹ lè kó ọmọkùnrin láti oko rẹ̀ lọ la ọ̀nà tàbí lọ ru ẹrù. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni, láìdé iwájú adájọ́. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1946 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny pè jáde, iṣẹ́ ipá sì parí. Apithy wà lára àwọn aṣòfin Áfríkà tó jọ jà fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, òfin Lamine Guèye sọ àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa di ọmọ onílùú lójú òfin. Ní oṣù kẹwàá, Apithy lọ sí ìpàdé ńlá Bamako, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ RDA sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún yàn án. Òun nìkan ni aṣojú Dahomey ní Paris. Ọdún yìí kan náà, ní oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n bí Sunny Adé ní Òṣogbo, lódì kejì ààlà.

Ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilẹ̀ kò pẹ́ tó fi pín. Ní 1951, àga di méjì, Hubert Maga sì gba ti àríwá. Justin Ahomadégbé di ẹni Abomey, Apithy sì di ẹni Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Apithy di ààrẹ ní oṣù kìíní 1964. Ní oṣù kọkànlá 1965, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1970, nígbà tí ìbò dàrú, ó halẹ̀ pé agbègbè rẹ̀ yóò ya lọ bá Nàìjíríà. Ìlú tó bá wà létí ààlà, bíi Ifangni, mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó. Wọ́n wá fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àga kan, kí kálukú ṣe ọdún méjì-méjì. Maga ṣe tirẹ̀, Ahomadégbé bẹ̀rẹ̀. Kó tó kan Apithy, àwọn sójà gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972.

Wọ́n tì í mọ́lé títí di 1981. Paris ni ó kú sí, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1989.

Kò sí ẹni tó mọ́ tán. Ìjà àga mú Apithy kéré ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilé tó bá ń pín sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ìwé wọn ń pè ní « né vers 1946 » dàgbà láìru ẹrù kọmandáǹ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ tó bá ń jó lọ́dún yìí mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.