Edgar Adrian: Ẹni Tí Ó Ka Àrokò Ara

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tí ó kọ́ àṣà Yorùbá nínú wa tí kò mọ àrokò. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Owó ẹyọ kan kò tóbi ju èkejì lọ. Iye wọn ni ó ń sọ̀rọ̀. Irú àrokò bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn. Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ń pa á ránṣẹ́ sí ọpọlọ tọ̀sán-tòru. Ìtàn ọkùnrin tí ó rí àrokò náà kà ni mo fẹ́ sọ.

Edgar Douglas Adrian ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1889. Agbẹjọ́rò tí ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Westminster, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1908. Ní Cambridge ni orí ti mú un pàdé olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Keith Lucas.

Iṣẹ́ ìwádìí lórí iṣan ni Lucas ń ṣe. Nínú ara wa, àwọn iṣan kan wà tí wọ́n tín-ín-rín bí òwú. Wọ́n ń gbé ìròyìn láti gbogbo ara lọ sí ọpọlọ, wọ́n sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá. Iná mànàmáná tí ó kéré jọjọ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí Lucas àti Adrian rí ni pé bí ètù ìbọn ni fọ́nrán iṣan kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe. Bí iná tí ó ràn án bá tó, gbogbo rẹ̀ ni yóò dún. Bí kò bá tó, kò ní dún rárá. Kò sí dídún ààbọ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí ìró fọ́nrán iṣan kan kò bá lè tóbi, tí kò sì lè kéré, báwo ni ọpọlọ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàrin ọwọ́ tí ìyá fi ń pa ọmọ lára àti ìgbájú? Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ bóyá omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí ó gbóná janjan?

Wọn kò tíì rí ìdáhùn tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Lucas lọ bá ìjọba ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Adrian lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Bartholomew ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń tọ́jú àwọn sójà tí iṣan wọn ti fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí ẹ̀rù ogun ti da orí wọn rú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ọkọ̀ òfurufú Lucas kọlu òmíràn lókè, ó sì kú. Ẹni ọdún 37 péré ni. Adrian ni ó tún ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe títí ó fi jáde ní ọdún 1917.

Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà tí Adrian padà sí Cambridge ní ọdún 1919, yàrá ìwádìí Lucas ni ó gbà. Ẹ̀rọ tí Lucas fi ń wo iná inú iṣan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná ọ̀hún kéré ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè fi hàn dáadáa lọ. Ní ọdún 1925, Adrian so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn, irú èyí tí ó ń sọ ohùn kékeré di ńlá nínú rédíò àtijọ́.

Ó gbé iṣan ẹsẹ̀ àkèré kan sí i. Ó retí pé kí ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò tíì fi ohunkóhun kan iṣan náà. Ẹ̀rọ kò dákẹ́. Ó ń gbọ̀n ṣáá. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni kò dára. Nígbà tí ó yá, ó ṣàkíyèsí pé ìgbà tí ẹran ẹsẹ̀ náà bá rọ̀ dirodiro nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ̀n. Bí ó bá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, gbogbo rẹ̀ a pa rọ́rọ́. Àṣé ìwúwo ẹran náà ni ó ń fà á, tí àwọn ẹnu iṣan inú rẹ̀ sì ń ròyìn pé wọ́n ń fa àwọn, bí ẹni pé ọpọlọ ṣì wà níbẹ̀ láti gbọ́.

Yngve Zotterman, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Sweden, wá bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n mú ẹran kékeré kan ní àyà àkèré, wọ́n sì ń gé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ẹnu iṣan kan ṣoṣo tí ń ròyìn. Wọ́n wá so ohun wíwúwo kékeré mọ́ ọn. Gbogbo ìró tí ó jáde ni ó dọ́gba. Nígbà tí wọ́n fi kún ẹrù náà, ìró kò tóbi sí i. Ńṣe ni wọ́n ń yára tẹ̀ lé ara wọn. Iye ìró tí ó ń dé láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni àrokò náà. Ọdún 1926 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde.

Wọ́n rí nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Bí ẹrù náà bá wà lójú kan, ìró a máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Ní ti ẹnu iṣan tí ń gbọ́ ìfọwọ́kàn lára awọ, kíá ni ó ń dákẹ́. Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó ń kéde, nítorí òun ni ó lè jẹ́ ewu. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó dé fìlà fi lè máa wá fìlà káàkiri ilé.

Lọ́jọ́ kan, Adrian ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ojú ọ̀pọ̀lọ́ nínú yàrá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn. Ó ń gbọ́ ariwo láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sì mọ ohun tí ó fà á. Ìgbà tí ó fi ariwo náà wé ìrìn ara rẹ̀ ni ó tó yé e: ojú ọ̀pọ̀lọ́ ń wò ó, ó sì ń ròyìn bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀.

Irú ìró kan náà ni ojú àti etí ń lò. Ọ̀nà tí ìró gbà dé ọpọlọ ni ó ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tàbí ohùn. Ẹ wo ẹni tí a gbá lójú: kò sí iná níbẹ̀, síbẹ̀ yóò rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ní ọdún 1932, Adrian àti Charles Sherrington jọ gba Ẹ̀bùn Nobel. Ní 1934, òun àti B. H. C. Matthews fi orí Adrian fúnra rẹ̀ hàn wọ́n pé iná tí Hans Berger ti ilẹ̀ Jámánì ní òun rí nínú ọpọlọ ènìyàn kì í ṣe irọ́. Ó jẹ́ ààrẹ Royal Society láti 1950 sí 1955, ó sì di olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity láti 1951 sí 1965. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 1977, ní ẹni ọdún 87. Richard ọmọ rẹ̀ náà tọ ọ̀nà iṣẹ́ yìí.

Ó ku ìbéèrè kan: kí ni ó ń sọ ìfọwọ́kàn di iná? David Julius àti Ardem Patapoutian gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021 nítorí pé wọ́n rí àwọn ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ tí ó wà lára ẹnu iṣan. Ooru àti ata ń ṣí àwọn kan. Títẹ̀ àti fífà ń ṣí àwọn mìíràn. Ìdí nìyí tí ata fi ń jó ni lẹ́nu bí iná.

Ẹ má ṣe fojú kéré àrokò yìí. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ tàbí àtọ̀gbẹ bá ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀, títí egbò yóò fi di ńlá. Ìrora kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìránṣẹ́ ni, Adrian ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ka iṣẹ́ tí ó ń jẹ́.