Andreas Gruentzig: Ọkùnrin Tó Fi Fèrè Kékeré La Ọ̀nà Nínú Iṣan Ọkàn

Ìtàn ìgbésí ayé tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti dókítà kan tó ti kú láti ọdún 1985. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọkàn mọ orúkọ rẹ̀ káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń jẹ oore iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti rí ẹnì kan tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé àyà ń fún un pa, tó sì padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n la àyà rẹ̀, iṣẹ́ Andreas Gruentzig lẹ ti rí yẹn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó bá jà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara dà bí páìpù omi nínú ilé. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì máa há. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá a máa mú un yára. Bí ó bá jẹ́ iṣan ẹsẹ̀ ni, onítọ̀hún kò ní lè rìn jìnnà kí ẹsẹ̀ tó máa dùn ún. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí wọ́n sì gé e. Bí ó bá jẹ́ iṣan ọkàn ni, àyà a máa fún un pa. Bí iṣan náà bá wá dí pátápátá, apá kan nínú ọkàn yóò kú láàárín wákàtí díẹ̀. Láyé àtijọ́, oògùn wà, iṣẹ́ abẹ ńlá náà sì wà, èyí tí wọ́n fi ń la àyà ènìyàn. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì.

Ìlú Dresden ní Jámánì ni wọ́n ti bí Andreas Gruentzig ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1939. Oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ sójú ogun, kò sì padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ló wá ń dá tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó lọ sí Buenos Aires ní orílẹ̀-èdè Argentina, bóyá ayé yóò rọgbọ níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún padà sí Jámánì, sí apá ìlà-oòrùn tó wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, Andreas sì kàwé ní Leipzig. Nígbà tó dàgbà, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n tó mọ ògiri Berlin ní ọdún 1961. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Heidelberg, ó sì gboyè dókítà ní ọdún 1964. Àwa tí a ti kó ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn mọ ohun tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ ènìyàn.

A gbọ́ pé nígbà tó ṣì jẹ́ dókítà kékeré ní Jámánì, aláìsàn kan tí iṣan rẹ̀ ti há bi í léèrè ìdí tí àwọn dókítà kò fi lè fọ iṣan ènìyàn bí púlọ́ńbà ṣe ń fọ páìpù. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1969 ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Zurich ní Switzerland, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí, kò sì fi ìgbà kan sọ pé òun ni. Ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Charles Dotter, onímọ̀ ẹ̀rọ X-ray. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, wọ́n gbé ìyá arúgbó ẹni ọdún 82 kan wá bá a. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti ń kú lọ, àwọn dókítà sì fẹ́ gé e, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ jálẹ̀. Dotter ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan itan rẹ̀, ó wá ti rọ́bà tó nípọn díẹ̀ lé e, títí ọ̀nà fi là. Ẹsẹ̀ gbóná padà, ìyá náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ó fi kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà Amẹ́ríkà kò ka Dotter sí. Àwọn ará Yúróòpù ló gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ wọn ni Gruentzig sì ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Gruentzig rí àbùkù kan nínú rẹ̀. Rọ́bà Dotter ní láti nípọn kó tó lè la ọ̀nà, ihò tí wọ́n máa lu sí ara aláìsàn náà yóò sì tóbi. Kò ṣeé gbé dé inú iṣan ọkàn, tí kò tóbi ju inú ìgò pẹ́ńsù ìkọ̀wé lọ. Ohun tó ń wá ni nǹkan tí yóò wọlé ní tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò wú nígbà tó bá dé ibi tó há, tí yóò sì tún fọn kó tó jáde. Fèrè tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ ló wá sí i lọ́kàn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé fèrè rọ́bà kì í bá ibi líle jà. Ibi tó bá rọ̀ ló máa ń wú sí. Èyí tí a bá fi sínú iṣan gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kó wú dé ibi tí a ní kó wú dé, kó má sì kọjá bẹ́ẹ̀.

Orí tábìlì ilé ìdáná nínú ilé rẹ̀ ló ti ṣe é. Lálaalẹ́, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun àti Michaela ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Maria Schlumpf tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àti ọkọ obìnrin náà, a jókòó ti ọ̀bẹ, okùn, àtè àti rọ́bà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣe ló bẹ́, tí wọ́n sì dà nù. Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́míkà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló júwe PVC fún un, irú pílásítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Ó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ PVC náà, ó sì fẹ́ ẹ títí ó fi rí bí sọ́séèjì kékeré. Ó wú, kò sì kọjá ìwọ̀n. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1974, ó lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti la iṣan ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Lẹ́yìn náà ó ṣe èyí tó ní ihò méjì nínú, ọ̀kan láti fi fẹ́ fèrè, èkejì láti fi wọn ipá ẹ̀jẹ̀ àti láti fi tú aró tí ẹ̀rọ X-ray máa ń rí.

Ọkàn ló kù. Ó dán an wò lára ajá. Ní ọdún 1976, ó gbé àbájáde rẹ̀ lọ sí ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ ọkàn ní Miami, ní Florida. Ọ̀pọ̀ tó wò ó mi orí, wọ́n kọjá lọ. Lójú wọn, ẹni tó bá dí iṣan ọkàn, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti pa ènìyàn nìyẹn. Àwọn díẹ̀ ló dúró tẹ́tí sí i. Ní Zurich, Åke Senning, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn, tì í lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ gan-an ni yóò dín kù. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ọjọ́ náà wá pé: ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan ni aláìsàn náà, iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe. Ọ̀gangan ibi kan ṣoṣo ni iṣan ọkàn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n ibi tó léwu gidigidi ni. Gruentzig sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é fún ènìyàn rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gbà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ dúró ní sẹpẹ́ bí ó bá di pàjáwìrì. Kò sùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Gruentzig gba inú iṣan itan wọlé títí dé ọkàn, ó fẹ́ fèrè náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì fà á jáde. Ọkàn kò dúró. Ọ̀nà là. Àyà ọkùnrin náà kò fún un pa mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, iṣan náà ṣì là sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó padà sí ìpàdé yẹn ní Miami pẹ̀lú aláìsàn mẹ́rin tó ti ṣe é fún. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo gbọ̀ngàn ló pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó wù wá jù nínú ìwà rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní ọdún 1979, aláìsàn 50 ló kọ nípa rẹ̀. Kò fi ibi tó dára nìkan hàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọrí fún 32. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di dandan láti sáré gbé àwọn márùn-ún lọ fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí àwọn dókítà láti ibi gbogbo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Zurich, ó ṣe é lójú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, bí ó bá yọrí, bí kò sì yọrí. Ó tún ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sáré ju bí wọ́n ti mọ iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò tún un ṣe.

Ní ọdún 1980, ó kó wá sí Amẹ́ríkà, sí Yunifásítì Emory ní Atlanta. Òkìkí dé, owó dé. Ó ra ọkọ̀ òfuurufú kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ túká. Ó fẹ́ Margaret Anne Thornton, tí òun náà jẹ́ dókítà, ní ọdún 1983. Ọkùnrin tó máa ń ní sùúrù lórí ara aláìsàn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1985, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbéra láti ilé wọn ní Sea Island tó wà létí òkun, wọ́n ń padà sí Atlanta. Ojú ọjọ́ kò dára rárá. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Georgia, àwọn méjèèjì sì kú. Ẹni ọdún 46 ni. Charles Dotter náà ti kú ní oṣù kejì ọdún kan náà.

Igi dá, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Gruentzig mọ̀ pé iṣan tí fèrè bá là máa ń tún há lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín oṣù mélòó kan. Ní ọdún 1978, dókítà ọmọ Argentina kan, Julio Palmaz, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní New Orleans, ó sì ronú pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ láti gbé ògiri iṣan náà ró, bí igi ṣe ń gbé òrùlé. Ìpínlẹ̀ Texas wa yìí ló ti parí rẹ̀, ní San Antonio. Phil Romano, oníṣòwò ilé oúnjẹ, fi 250,000 dọ́là ràn án lọ́wọ́. Àwọ̀n irin kékeré náà là ń pè ní stent. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo rẹ̀ fún ọkàn ní ọdún 1994. Ní ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí a fi oògùn kùn kí iṣan má tún há. Lónìí, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Nílé náà, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn dókítà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock.

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wa. Fèrè Gruentzig kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tí kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣan ọkàn bá dí pátápátá, ìṣirò tí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n ti là á láàárín 90 ìṣẹ́jú tí aláìsàn bá wọlé. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá wa ṣírò wákàtí tí a bá fi jókòó sílé, tí à ń sọ pé inú ló ń ta wá, tí à ń mu omi gbígbóná, tí à ń dúró de ọmọ kó ti ibi iṣẹ́ dé. Bí àyà bá ń fún yín pa, tó ń dun apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí èémí kò délẹ̀, ẹ pe 911. Ẹ má ṣe wa mọ́tò lọ fúnra yín. Àwọn obìnrin, ẹ ṣọ́ra púpọ̀: lára yín, ó lè má jẹ́ àyà ni yóò kọ́kọ́ dùn, ó lè jẹ́ àárẹ̀ àti èébì. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń dùn yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá rìn, tí ó ń dáwọ́ dúró tí ẹ bá sinmi, ẹ má pè é ní ogbó. Ẹ sọ fún dókítà.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa pọ̀ láàárín wa. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Ọkùnrin kan lo ọ̀pọ̀ òru lórí tábìlì ilé ìdáná kí ọ̀nà lè là fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí a fi àìbìkítà dí i. Ó dàbọ̀ o.