Sàpárà, dókítà tó wọ ẹgbẹ́ awo nítorí àrùn ìgbóná

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Kétu tàbí Máìlì 12 lónìí, tó gba ọ̀nà Ìkòròdú, yóò dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́dún 1897, ikú ń jà ní ìlú náà. Àrùn ìgbóná, tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ òrìṣà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ló ń pa wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé àwọn ìletò ìtòsí kò rí irú rẹ̀. Dókítà kan tí kò tíì lò ju bí ọdún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń wá ìdí rẹ̀. Ògúntọ́lá Sàpárà lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Freetown, ní Sàró, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1861. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì padà gba òmìnira. Alexander Johnson Williams ni wọ́n ń pe Sàpárà tẹ́lẹ̀, kó tó pa orúkọ òyìnbó tì. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọdún 1876 ni wọ́n wá sí Èkó. Ó kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀, ó bá wọn po oògùn nílé ìwòsàn ìjọba, kó tó kọjá sí ìlú òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó yege lọ́dún 1895, ìjọba Èkó sì gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1896.

Láyé ìgbà náà, àwọn abọrẹ̀ Ṣànpọ̀nná ló ń tọ́jú ẹni tí ìgbóná bá mú. Tó bá kú, ẹbí kò gbọ́dọ̀ sunkún. Àwọn abọrẹ̀ ló ń sin ín, àwọn náà ló ń kó ẹrù rẹ̀. Sàpárà wá fura pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kò bá wọn jà, kò sì pe ọlọ́pàá. Ńṣe ló para dà, tó wọ ẹgbẹ́ wọn bí ọmọ awo. Ká ní àṣírí tú pé dókítà ìjọba ni, ó lè má padà wálé mọ́.

Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan nínú wọn máa ń ha èépá ara ẹni tí ìgbóná mú, tí wọ́n á fi kó o ran ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọjọ́ méjìlá ni àrùn náà ń lò lára kí ibà tó dé. Ta ni yóò wá ránti ẹni tó fara kàn án láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Òrìṣà ni wọ́n á sọ pé ó ń jà. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá mú, ó máa ń pa tó mẹ́ta.

Sàpárà kó ohun tó rí lọ bá ìjọba, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1907. Òfin nìkan kò tó, nítorí wọ́n ṣì ń bọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ló parí iṣẹ́ náà. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí ìgbóná kẹ́yìn. Lọ́dún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Síbẹ̀, Sàpárà kò kẹ́gàn ìṣègùn ìbílẹ̀. Ó ṣèwádìí ewé àti egbò, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì fẹ́ràn láti máa wọ̀. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1928, ó sì kú lọ́dún 1935.

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ wà lára ibi tó ti jà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wádìí àrùn bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń béèrè omi tí aláìsàn mu àti ẹni tó fara kàn, kì í ṣe ẹ̀sùn ni wọ́n wá fi kanni. Irú ìbéèrè tó gbé Sàpárà dé Ẹ̀pẹ́ náà ni. Ẹni tó bá dá wọn lóhùn tinútinú lè gba ẹ̀mí aládùúgbò rẹ̀ là.