Ilé Tí Kò Parí Lójú Ẹni Tó Ń Kọ́ Ọ

Ṣé iṣẹ́ Olúwa tó wà lọ́wọ́ yín ti ń sú yín, torí pé kò tètè parí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìtàn Antoni Gaudí.

Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí wọ́n fa kíkọ́ ilé ìjọsìn Kátólíìkì Sagrada Família lé e lọ́wọ́ ní Barcelona, lọ́dún 1883. Ó ya àwọn òpó inú rẹ̀ bí igi inú igbó, kí ẹni tó bá wọlé lè gbójú sókè sí Ẹlẹ́dàá. Ó ní gogoro tó ga jù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ga tó òkè Montjuïc, torí Ọlọ́run ló dá òkè yẹn. Nígbà tówó tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọrọ owó kiri.

Lọ́dún 1926, ọkọ̀ ojú irin ìgboro gbá a. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó, wọ́n rò pé alágbe ni. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún 43, gogoro kan ṣoṣo ló rí tó parí! Àmọ́ àwọn míì gbé iṣẹ́ náà, Póòpù Benedict XVI sì ya ilé náà sí mímọ́ lọ́dún 2010.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ tí ẹ ń gbàdúrà fún, ìjọ tí ẹ ń gbìn, ó lè má parí lójú yín. Ẹ má jù ú sílẹ̀. Ẹ ṣáà to bíríkì tòní.

Àdúrà: Baba, má jẹ́ kó rẹ̀ wá nídìí iṣẹ́ Rẹ, lórúkọ Jésù. Àmín.