Carl Rabl àti àyè àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì

Ọdún 1853 ni a bí Carl Rabl ní ìlú Wels, ní ilẹ̀ Ọ́síríà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Vienna, ó sì di olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni ara ènìyàn, ti ẹranko àti ti ewéko fi dúró. Ó kéré púpọ̀. Nínú rẹ̀ ni kóró kan wà, bí irúgbìn nínú èso. Inú kóró náà ni àwọn fọ́nrán wà, tí wọ́n ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àwọn fọ́nrán náà a ki, a sì rí wọn lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ó bá pín tán, wọn a pòórá lójú.

Níbo ni wọ́n ń lọ? Bí wọ́n bá ń yọ́ dànù, báwo ni ogún òbí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ láìdàrú?

Rabl wo sẹ́ẹ̀lì salamander, ẹranko kékeré tí ó jọ alángbá, nítorí pé fọ́nrán inú rẹ̀ tóbi. Bí a bá fi okùn fa ewúrẹ́ ní ọrùn, ìrù ni í gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ṣe ń fa fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti tẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì a sì gbẹ́yìn. Bí ìpín bá parí, ibi títẹ̀ a wà ní apá kan kóró, àwọn etí a wà ní apá kejì. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tún fẹ́ pín, Rabl rí i pé ètò kan náà ni wọ́n fi yọ jáde. Ní ọdún 1885, ó kọ ọ́ pé àwọn fọ́nrán kì í yọ́. Olúkúlùkù wọn ń di àyè rẹ̀ mú, bí ojú kò tilẹ̀ rí wọn.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà á. Rabl lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Prague ní ọdún 1886, ó sì lọ sí Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1904. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1917.

Ní ọdún 1938, Hermann Muller sọ etí fọ́nrán ní telomere. Òun ni ó ń dáàbò bo fọ́nrán, bí ìgbà tí a ta ìdí òwú kí ó má bàa tú. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, awò tuntun fi ètò tí Rabl sọ hàn nínú sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin kékeré tí í kùn sí èso. Àlìkámà náà ní in. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò tò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú wọn pẹ̀lú, fọ́nrán kì í yọ́, olúkúlùkù sì ní àyè tirẹ̀.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ohun tí Rabl fi òye mọ̀, ojú ti rí i báyìí.