Joseph Shadare

Joseph B. Shadare, tí a tún mọ̀ sí Esinsinade, jẹ́ aṣáájú ìjọ Kristẹni ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sílẹ̀ ní àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ọdún 1918. Ẹgbẹ́ àdúrà kékeré yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun ìjọ Aládùúrà ní ilẹ̀ Yorùbá, láti inú rẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi (CAC) ti hù.

Ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò tètè ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ajíhìnrere. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892 ni ẹ̀sìn Kristẹni ráyè wọlé dáadáa, tí ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ó fi di ọdún 1918, ìjọ St. Saviour's ti ní ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ. Shadare jẹ́ wọ́dìn tí ó ń ṣojú àwọn ọmọ ìjọ níbẹ̀, ó sì tún jẹ́ aṣojú ní Sínọ́ọ̀dù, èyí tí í ṣe ìpàdé gíga ìjọ Áńgílíkà. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn odi nínú ìjọ. Àgbà tí a gbọ́kàn lé ni.

Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn ọ̀fìnkìn tí ó ti ń jà káàkiri ayé wọ Èkó láti inú àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀ Yorùbá pe àrùn náà ní lùkúlùkú. Láti Èkó, ó bá èrò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì bá àwọn oníṣòwò gba ojú ọ̀sà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ dé àwọn ìlú tí ojú irin kò dé. Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àwọn ìlú bíi Fìdítì àti Ìlọrá, tí wọ́n wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ibi tí èrò pọ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni àrùn náà pa ní Nàìjíríà láàrin oṣù díẹ̀. Ní gbogbo àgbáyé, iye tí a sábà máa ń dá lé ni 50,000,000. Ohun tí ó bani lẹ́rù jù lọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn abarapá tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 20 sí 40 ni ó ń pa jù. Kò sí oníṣègùn kankan ní ayé ìgbà náà tí ó mọ kòkòrò tí ó fa àrùn yìí, kò sì sí oògùn tí ó lè wò ó. Kuníìnì tí àwọn òyìnbó ń lò fún ibà kò ràn án. Ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ní àwọn ibi tí àrùn ti gbilẹ̀.

Ìdààmú ńlá ni èyí mú bá àwọn Kristẹni. Wọ́n ti kọ ọ̀dọ̀ babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀sìn tuntun. Oògùn òyìnbó tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò lágbára mọ́, ilé ìjọsìn tí wọn ìbá sá lọ sì wà ní títì. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn ni pé níbo ni ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá.

Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye

Ìtàn ìjọ náà sọ pé àlá kan ni ó kó àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà jọ. Nínú àlá náà, ìjọ pín sí ọ̀nà méjì: apá kan tóbi ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn, apá kejì kéré ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ pé àwọn tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni àwọn tí kò fi àdúrà àti kíka Bíbélì ṣeré. Shadare àti àwọn mélòó kan, lára wọn ni D. C. Oduga àti E. O. W. Olukoya, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Àlùfáà ìjọ náà, S. J. Gansallo, kò kọ̀ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ilé Shadare di ibi ìpàdé.

Ẹni tí ó so ẹgbẹ́ náà mọ́ àjàkálẹ̀ àrùn gan-an ni Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ obìnrin kan tí ó ń gbé ní Ìsọnyìn, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Àrùn náà kọ lu òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, ó jẹ́rìí pé Ẹ̀mí Mímọ́ bá òun sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn gbogbo sílẹ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa lo omi òjò tí a ti gbàdúrà sí fún ìwòsàn. Ó kéde iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìlú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ Shadare sì para pọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Òkúta Iyebíye; àwọn kan tún ń pè é ní Ẹgbẹ́ Díámọ́ńdì.

Ìyapa ní ọdún 1922

Nígbà tí àrùn lọ, ẹgbẹ́ àdúrà kò túká. Ìgbàgbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìpọ́njú ti di ẹ̀kọ́ tí wọ́n dì mú: wọ́n kọ oògùn, wọ́n ka àlá àti ìran sí ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà sọ̀rọ̀, wọn kò sì gbà mọ́ pé ó tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ni ó le jù, nítorí pé ó ta ko ìlànà ìjọ Áńgílíkà ní tààràtà.

Bíṣọ́ọ̀bù Èkó, Frank Melville Jones, dá sí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1922. Ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Ohun tí wọ́n pàdánù kò kéré. Shadare fi ipò rẹ̀ ní Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, Ọdúnlámì sì pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ náà jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì di ìjọ ọ̀tọ̀ ní abẹ́ ìdarí Shadare.

Faith Tabernacle àti ìsọjí ọdún 1930

Ní àkókò yìí kan náà, David Ọdúbánjọ ní Èkó ti ń kọ̀wé sí ìjọ Faith Tabernacle tí ó wà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn ìjọ náà ń kọ́ni ní ìwòsàn nípa àdúrà láìlo oògùn, èyí tí ó bá ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ mu. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n gba orúkọ Faith Tabernacle, ìjọ náà sì tàn dé Ìbàdàn, Iléṣà àti àwọn ìlú mìíràn. Shadare, tí ó ti ń jẹ́ Esinsinade, di ààrẹ rẹ̀. Kò sí ajíhìnrere kankan tí ó wá láti Philadelphia; ìwé nìkan ni ó so wọ́n pọ̀, okùn náà sì já kí ọdún 1930 tó dé.

Ní òpin ọdún 1929, Esinsinade pe Joseph Ayọ̀ Babalọlá wá sí Èkó. Babalọlá jẹ́ awakọ̀ katakata tí a fi ń ṣe ọ̀nà kí ó tó sọ pé Ọlọ́run pe òun ní ọdún 1928. Esinsinade ni ó ṣe ìtẹ̀bọmi fún un nínú ọ̀sà. Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ náà, Esinsinade pẹ̀lú wọn, ń ṣe ìpàdé lórí àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ ní Iléṣà nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀yẹ̀ nípasẹ̀ Babalọlá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́ lọ síbẹ̀ fún ìwòsàn, omi tí a gbàdúrà sí sì tún wà láàrin gbùngbùn ìsìn náà.

Ipa tí ó fi sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ oògùn kò tán nílẹ̀. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere Ìjọ Àpọ́sítélì dé láti Britain ní ọdún 1931, kuníìnì tí wọ́n ń lò wà lára ohun tí ó fa ìyapa mìíràn, èyí tí ó yọrí sí ìforúkọsílẹ̀ CAC ní ọdún 1943. Lónìí, ìjọ Aládùúrà wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí dé àwọn ìlú Afijió, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ìjọ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bíi ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ìlọrá, gbé pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wọ̀nyí ni ó ń lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ń gbàdúrà pẹ̀lú.

Nígbà tí àrùn COVID-19 dé ní ọdún 2020, tí ìjọba tún ti ilé ìjọsìn pa, ìbéèrè tí Shadare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dojú kọ ní Ìjẹ̀bú-Òde padà wá síwájú àwọn Kristẹni Nàìjíríà.